Ilẹ̀ Inú Ike: Ìrìn-àjò Ọlọ́sẹ̀ Kan sí Òṣogbo

Ọjọ́ Àìkú, alẹ́

A dé Òṣogbo ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, èmi àti àbúrò mi tó jẹ́ bíríkìlà. Ọláìyá ni ọkọ̀ já wa sí. Ẹrù wa ò ju báàgì méjì lọ, àti ike kan tí mo gbé lé ẹsẹ̀ láti ilé. Ilẹ̀ abúlé wa ló wà nínú ike náà, ilẹ̀pa pupa tí a gbẹ́ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Obìnrin tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀ bi mí léèmejì bóyá oògùn ni. Mo ní, "Rárá mà, ilé ẹ̀kọ́ ni." Ó wò mí títí, ó bu gúgúrú fún mi.

Kí n kọ ohun tó gbé wa wá sílẹ̀ nígbà tó ṣì ń dùn mí. Pírámárì kẹrin ni mò ń kọ́. Lóṣù kẹrin, ìjì òjò kan ṣí òrùlé kíláàsì mi, ògiri kan sì tẹ̀ lé e. Búlọ́ọ̀kù ni ògiri náà. Nígbà tí a ń kó àwókù rẹ̀, mo fi ọwọ́ lásán rún búlọ́ọ̀kù kan sí wẹ́wẹ́. Iyanrìn ló kún inú rẹ̀, sìmẹ́ǹtì rẹ̀ ò tó nǹkan. Ọpẹ́lọpẹ́ pé òru ló wó. Láti ìgbà náà, abẹ́ igi máńgòrò ni èmi àti àwọn ọmọ wà. Bí òjò bá ti ṣú, ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà parí nìyẹn.

Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ dá owó jọ. Owó náà á ra páànù, á ra pákó díẹ̀, àmọ́ kò lè ra sìmẹ́ǹtì tí yóò tó kíláàsì méjì. Èmi ni mo dìde nípàdé tí mo ní ká fi ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa kọ́ ọ, ká sì lo igi àti irin ilé tó ti wó. Alága wa, bàbá tó ti lé ní ẹni ọdún 80, dákẹ́ títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. Ó wá ní, "Tíṣà, ilé amọ̀ ni wọ́n bí wa sí. A ṣiṣẹ́ títí a fi bọ́ nínú ẹ̀. Ṣé ibẹ̀ náà lẹ tún fẹ́ kó àwọn ọmọ wa padà sí?" Mi ò rí èsì kankan fọ̀. Wọ́n fún wa lówó ọkọ̀, wọ́n ní ká lọ wo ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, ká wá jíṣẹ́ ohun tí a bá rí.

Ọjọ́ Ajé

Àbúrò mi fẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ oníbíríkì. Èmi ni mo ní ká ya Igbó Ọ̀ṣun ná, torí mo fẹ́ fojú ara mi rí ohun tí amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì ti dà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìlú yìí.

Láti 2005 ni UNESCO ti kọ igbó náà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé, ilẹ̀ rẹ̀ sì tó hẹ́kítà 75 létí odò. Àwọn àlejò tí a bá níbẹ̀ ń ya fọ́tò ère. Ẹsẹ̀ ògiri ni àwa ń bẹ̀rẹ̀ wò. Susanne Wenger, oníṣẹ́-ọnà tí gbogbo wa mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, tí wọ́n bí ní Austria ní 1915, tó sì dolóògbé ní Òṣogbo níbí ní 2009, iṣẹ́ àtúnṣe ló fi bẹ̀rẹ̀: ojúbọ tí ikán ń jẹ, ògiri tó ń wó. Àwọn tó bá a ṣe é jẹ́ bíríkìlà, agbẹ́gi, agbẹ́kùúta. Adébísí Àkànjí, tí ọwọ́ rẹ̀ wà lára ọ̀pọ̀ ògiri àti ère ibẹ̀, iṣẹ́ bíríkìlà ló ń ṣe kó tó di ẹni tí ayé ń wá. Nígbà tí mo sọ èyí fún àbúrò mi, ó dúró síwájú ògiri kan, ó ń fi ìka tọ ojú ibi tí ọwọ́ ti tẹ sìmẹ́ǹtì nígbà tó ṣì tutù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ èèyàn ṣì wà nínú ẹ̀."

Ohun tó wú mi lórí jù ni ògiri oníhò. Àkànjí a máa fi sìmẹ́ǹtì ṣe ògiri tó jẹ́ ihò-ihò, tí ẹyẹ, ẹranko àti èèyàn á di ara wọn mú láàárín ihò náà. Atẹ́gùn ń gbà á kọjá, ìmọ́lẹ̀ ń wọlé, kò sì sí gíláàsì tí bọ́ọ̀lù ọmọdé máa fọ́. Mo rí fèrèsé kíláàsì mi níbẹ̀. Mo tilẹ̀ ti mọ ọmọ tí màá ní kó ya ìjàpá àkọ́kọ́.

Ìyá tó mú wa káàkiri fi àwọn ibi tí wọ́n ti tún ṣe hàn wá. Àwọ̀ wọn yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àtijọ́. Ó ní òjò ò sinmi, gbòǹgbò igi ò sinmi, ikán ò sinmi, torí náà ẹni tó ń tún un ṣe ò gbọ́dọ̀ sinmi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, mo sì fa ìlà sí i lábẹ́.

Lálẹ́, a ń jẹ ẹ̀wà lọ́wọ́ ni àbúrò mi rántí ilé ìjọsìn àwọn Dòmíníkánì ní Sámóńdà, n'Ìbàdàn, èyí tí Demas Nwoko tó jẹ́ ayàwòrán-ilé yàwòrán rẹ̀. Ó ti bá ọ̀gá rẹ̀ ṣiṣẹ́ nítòsí ibẹ̀ rí. Nwoko a máa po ilẹ̀pa mọ́ sìmẹ́ǹtì láti fi ṣe búlọ́ọ̀kù, ní àsìkò tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ ilé bí ẹni ń kọ́ ọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní 2023, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà ní Venice, l'Ítálì, fún gbogbo iṣẹ́ tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe. Alága wa gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ojú ọ̀nà Ìlobùú ni ọkùnrin tí a wá bá wà, níbi tí ilé ti ń pin tí oko ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, àbúrò mi dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde, ẹ dìde, iṣẹ́ wà nílẹ̀."

Ẹ̀rọ rẹ̀ ò lo iná, bẹ́ẹ̀ ni kò lo epo. Àpótí irin kan ni, pẹ̀lú ọ̀pá irin gígùn tí èèyàn méjì á jọ fà wálẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n dà sínú rẹ̀ á fún pọ̀ gbagidi, wọ́n á yí ọ̀pá padà, bíríkì á sì jáde láti òkè bí ìgbà tí wọ́n yọ mọ́ínmọ́ín kúrò nínú agolo. Irú ẹ̀rọ yìí, Raúl Ramírez ló kọ́kọ́ ṣe é ní Bogotá, lórílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, láàárín ọdún 1950 sí 1960, wọ́n sì ń pè é ní CINVA-Ram. Ní Nàìjíríà, NBRRI, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí lórí ilé kíkọ́ àti ojú ọ̀nà láti 1978, náà ti ṣe tirẹ̀ jáde. Ti bàbá yìí, wẹ́dà kan ló wo èyí tó ti wà nílẹ̀ tó fi jó o fún un.

Kò jẹ́ ká tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ike wa ló kọ́kọ́ gbà. Ó gbóòórùn ilẹ̀ inú rẹ̀. Ó ní bí ilẹ̀ bá ń rùn bí ewé jíjẹrà, ilẹ̀dú ló wà nínú rẹ̀, kò dáa fún ilé, oko ló yẹ kó lọ. Tiwa ò rùn, inú mi dùn bí ẹni pé wọ́n yin ọmọ mi. Ó wọ́n omi sí díẹ̀, ó rún un, ó fi ṣu bí ẹni ṣu ìyán, ó nawọ́ ní ìbámu pẹ̀lú àyà rẹ̀, ó jẹ́ kó jábọ́. Ó fọ́ sí mẹ́rin. Ó ní bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ láìfọ́, omi ti pọ̀ jù. Bó bá tú ká bí ìyẹ̀fun, omi ò tó. Bó bá fọ́ sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ máa tẹ bíríkì lọ.

Lẹ́yìn náà ló bu ìyókù sínú ìgò fífẹ̀ kan, tó ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Ó rọ omi lé e, ó fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ó bò ó, ó gbọ̀n ọ́n gidi. Ó gbé e sórí fèrèsé, ó ní ẹnì kankan ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án títí di ọ̀la.

Ọ̀sán gbogbo la fi fa ọ̀pá ẹ̀rọ. Apá mi ń ro mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ohun tí mo rí kọ́ rèé: wọ́n á fi ajọ̀ jọ ilẹ̀ kí òkúta lè yọ, sìmẹ́ǹtì ìwọ̀n 1 sí ilẹ̀ ìwọ̀n 15, wọ́n á pò ó ní gbígbẹ kí wọ́n tó wọ́n omi sí i. Àpò sìmẹ́ǹtì kílò 50 kan ń fún un ní bíríkì tó lé ní 100. Bíríkì náà kéré ju búlọ́ọ̀kù lọ dáadáa, torí náà èmi ò ní í wá parọ́ nípàdé pé 100 níbí àti 100 lọ́hùn-ún dọ́gba. Síbẹ̀, àbúrò mi jókòó pẹ̀lú báírò, ó ṣírò rẹ̀ lórí ògiri kíláàsì wa, ó sì ní àpò sìmẹ́ǹtì tí a máa rà á dín kù púpọ̀.

Ibi tí sùúrù wà ni ẹ̀yìn rẹ̀. Bíríkì kì í lọ sínú oòrùn. Wọ́n á tò ó sábẹ́ ibòji, wọ́n á fi ọ̀rá bò ó, wọ́n á máa wọ́n omi sí i fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, kò sì ní í gbó tán títí ọjọ́ 28 á fi pé. Bàbá ní àwọn tó kánjú ló ń bà á lórúkọ jẹ́. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lónìí, wọ́n á mọ ọ́n lọ́la, ògiri á sán, wọ́n á ní amọ̀ ò dáa.

Nígbà tí a ń lọ, ó fún wa ní bíríkì kan tó ti gbó. Ó ní, "Ẹ gbé e lọ fún àwọn àgbà yín. Ẹ má wulẹ̀ ṣàlàyé púpọ̀."

Ọjọ́rú

Òjò láti àárọ̀. A sáré lọ wo ìgò. Omi ti tòrò. Iyanrìn sùn sísàlẹ̀, erùpẹ̀ tó kúnná lé e, amọ̀ pupa sì wà lókè, ó nípọn. Bàbá fi ìka méjì wọ̀n ọ́n: amọ̀ ilẹ̀ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá méjì nínú márùn-ún. Ó ti pọ̀ jù. Bó bá gbẹ, á súnkì, á sì sán. Ó ní ká po iyanrìn odò ìwọ̀n 1 mọ́ ilẹ̀ wa ìwọ̀n 2, ká tún dán an wò nínú ìgò. Ìmọ̀ yìí nìkan tó owó ọkọ̀ wa. Ká ní a ti fi ilẹ̀ náà tẹ bíríkì bó ṣe wà, a ò bá ti ba ilẹ̀pa lórúkọ jẹ́ lábúlé wa fún ogún ọdún.

Ìyókù ọjọ́ náà, inú yàrá la wà. Páànù ilé tí a wọ̀ sí ò ní àjà. Òjò náà ń dún débi pé mo ń pariwo kí àbúrò mi tó gbọ́ mi láti orí ibùsùn kejì. Báyìí náà ni kíláàsì mi ṣe rí kí ó tó wó. N óò kọ nǹkan sójú pátákó, n óò dúró kí òjò dá. Bí òjò bá sì dá tí oòrùn yọ, páànù kan náà á gbóná, àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé.

Èyí ló mú kí n máa ronú nípa Gando, abúlé kan ní Burkina Faso. Ọmọ abúlé náà ni Diébédo Francis Kéré. Jámánì ló ti ń kàwé nígbà tó ń wá owó kiri láti kọ́ ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ará ilé rẹ̀, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2001. Àwọn ará abúlé ló fọwọ́ ara wọn ṣe bíríkì, ilẹ̀ ibẹ̀ tí wọ́n pò mọ́ sìmẹ́ǹtì díẹ̀. Ohun tó ṣe sí òrùlé ni mo fẹ́ jí. Ó fi bíríkì tẹ́ àjà tó ní àlàfo, ó wá fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gbé páànù sókè, kó jìnnà sí àjà náà. Ooru inú kíláàsì á gba àlàfo jáde, atẹ́gùn á gba àárín páànù àti àjà kó o lọ. Páànù náà sì yọ síta gan-an, kí òjò má lè dé ara ògiri. Ní 2022, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Pritzker, èyí tó ga jù láàárín àwọn ayàwòrán-ilé. Ilé ẹ̀kọ́ alámọ̀ abúlé rẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀

Bàbá oníbíríkì júwe ilé ẹ̀kọ́ kan fún wa lójú ọ̀nà Ìbòkun, abúlé tí ọ̀kadà nìkan ló ń dé ibẹ̀. Mi ò ní í dárúkọ rẹ̀. Àwọn kan láti ìlú ńlá ló wá fi bíríkì ilẹ̀pa kọ́ kíláàsì méjì fún wọn ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn.

Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ náà gbà wá tọwọ́ tẹsẹ̀, ó ní kí wọ́n fún wa lómi. Aago méjì ọ̀sán ni. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri kíláàsì búlọ́ọ̀kù wọn lápá ibi tí oòrùn ń ta sí, lẹ́yìn náà mo wọ inú ti ilẹ̀pa, mo gbé e lé ògiri ibẹ̀. Ẹ bá mi gbà á gbọ́, ara mi balẹ̀. Àwọn ọmọ pírámárì kejì ń ka ìwé lọ, kò sí ẹni tó ń fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀. Mo dúró sí ẹ̀yìn kíláàsì náà, omi lé sójú mi, mo sì sọ fún wọn pé eruku ni.

Nígbà tí a yí ilé ká, a rí ibi tí ọ̀rọ̀ gbé bàjẹ́. Ní apá tí òjò ti ń wá, òrùlé ò yọ síta tó. Omi ń já láti etí páànù, ó ń ta padà láti ilẹ̀, ó sì ti jẹ ògiri wọnú dé orúnkún. Ẹnì kan ti gbìyànjú láti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Sìmẹ́ǹtì náà ti ṣí bí èèpo ọgbẹ́, abẹ́ rẹ̀ tutù rinrin. Àbúrò mi ṣàlàyé pé omi tó ti ẹ̀yìn wọlé ò rọ́nà jáde mọ́, ló bá ń jẹ bíríkì lábẹ́lẹ̀. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Níbí, sìmẹ́ǹtì ló la ẹnu ògiri tí wọ́n sì rò pé ó pa á dé.

Mo bi ọ̀gá àgbà pé kí ló dé tí wọn ò kàn yọ àwọn bíríkì yẹn, kí wọ́n fi tuntun rọ́pò wọn. Ó wò mí bí ẹni pé mo béèrè ohun tó ti ń dùn ún tipẹ́. Ó ní, "Àwọn tó kọ́ ọ kó ẹ̀rọ wọn lọ. Kò sẹ́nì kankan lábúlé yìí tó mọ̀ ọ́n ṣe. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn o, àmọ́ wọn ò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún wa."

Ní gbogbo ọ̀nà padà, ọ̀rọ̀ yìí ni mò ń rò. Mo rántí ilé ẹ̀kọ́ orí omi tí Kúnlé Adéyẹmí ṣe ní Makoko ní 2013, pákó àti ọparun lórí àgbá ike, tí gbogbo ayé ń yìn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, òjò ńlá kan wó o. Ilé tí a kọ́ pẹ̀lú ohun tó fúyẹ́ tàbí ohun tó rọ̀ nílò ẹni tó ń wò ó lójoojúmọ́. Bí mo bá máa bá Alága wa sọ̀rọ̀, ibí ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ lórí amọ̀, ó ní ìdí. Ilé tí wọ́n bí i sí wó torí pé àwọn ọmọkùnrin tó máa ń tún un ṣe lọ́dọọdún ti lọ sí ìlú ńlá.

Ọjọ́ Ẹtì

Ọjọ́ káfíńtà. Ibi tí wọ́n ti ń ta igi àti irin ilé àtijọ́ la lọ, lẹ́yìn ọjà. Bí wọ́n bá wó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ láti kọ́ ṣọ́ọ̀bù, ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ ló ń bọ́ síbẹ̀. Mo rí ilẹ̀kùn ìrókò kan tó nípọn bí ìwé bíbélì ńlá, ikán ò tíì fẹnu kàn án. Káfíńtà tó ń tà á, bàbá kan tó ń na ìṣó wíwọ́ bó ṣe ń bá wa sọ̀rọ̀, ní igi báyìí ò sí nígbó mọ́. A san owó ìṣájú lórí ilẹ̀kùn méjì àti pákó òrùlé díẹ̀.

Mo bi í nípa ọparun, torí ó pọ̀ létí odò wa. Ó ní kí a gé èyí tó ti gbó bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ní ẹ̀ẹ̀rùn, kí a rì í sínú odò tó ń ṣàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí adùn inú rẹ̀ lè jáde, torí adùn yẹn ni kòkòrò ń wá. Àti pé kò gbọ́dọ̀ fara kan ilẹ̀ tàbí òjò. Àjà la máa fi í ṣe.

Ìgò ike ńkọ́? Àwọn ọ̀dọ́ abúlé wa ti rí i lórí fóònù pé ní 2011, wọ́n kó iyanrìn sínú ìgò ike, wọ́n fi amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì kọ́ ilé ní ẹ̀gbẹ́ Kàdúná. Òótọ́ ni. Àmọ́ àbúrò mi ní ká ro iye ọwọ́ tí yóò máa ki iyanrìn bọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgò, nígbà tí ilẹ̀pa wà nílẹ̀ tó ń dúró de ẹ̀rọ. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. A máa lo ìgò fún ìjókòó yíyí igi máńgòrò ká, kí àwọn ọmọ lè fọwọ́ ara wọn kọ́ nǹkan kan nínú ilé ẹ̀kọ́ wọn. Táyà àtijọ́ náà, a máa gún ilẹ̀ kún un láti dá ọ̀gbàrá dúró lápá ìsàlẹ̀ ọgbà. Mi ò fẹ́ ẹ nínú kíláàsì.

Àbámẹ́ta

A padà sílé. Bíríkì tí bàbá fún wa ló wà lórí ẹsẹ̀ mi báyìí, ó wúwo ju ike ilẹ̀ lọ. A dé lọ́sàn-án, mo lọ tààrà sílé Alága. Mo kúnlẹ̀, mo gbé bíríkì síwájú wọn. Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti Òṣogbo: Gando, Sámóńdà, Venice. Wọn ò jẹ́ kí n sọ ọ́. Wọ́n ní kí wọ́n gbé agbada omi wá. Wọ́n ri bíríkì náà sínú rẹ̀. Wọ́n tún rán ọmọ kan kó lọ mú èérún búlọ́ọ̀kù kíláàsì mi tó wó, wọ́n rì í sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ká padà wá láàárọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀

Bàbá ti jí ṣáájú wa. Wọ́n ki ọwọ́ bọ omi, wọ́n kọ́kọ́ yọ èérún búlọ́ọ̀kù. Wọ́n fi àtàǹpàkò tì í, igun rẹ̀ bọ́ sínú omi. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n yọ bíríkì. Wọ́n fi àtàǹpàkò tì í, wọ́n fi èékánná ha á, wọ́n fi orí ọ̀pá wọn kàn án lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dún gbìn.

Mo sọ ọ̀rọ̀ ọ̀gá àgbà ojú ọ̀nà Ìbòkun fún wọn, pé àwọn tó kọ́ ọ kó ẹ̀rọ lọ. Mo ní a máa ra ẹ̀rọ tiwa, pé àbúrò mi máa kọ́ ọ̀dọ́ mẹ́fà níṣẹ́, pé òrùlé máa yọ síta, a sì máa fi òkúta ṣe ẹsẹ̀ ògiri.

Wọ́n bi àbúrò mi pé, "Ilẹ̀ wo lẹ gbé lọ?"

Ó ní ti ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́, pé amọ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀, ó nílò iyanrìn.

Alága wá mi orí wọn. Wọ́n ní, "Ìyẹn ò dáa tó. Ti apá odò lókè ibẹ̀ yẹn, ó ti ní iyanrìn tirẹ̀ nínú." Wọ́n wọ bàtà, wọ́n mú ọ̀pá, wọ́n sì ní ká tẹ̀ lé àwọn lọ wo kòtò tí bàbá wọn ti gbẹ́ ilẹ̀ kọ́ ilé ọjọ́sí.